Ẹni Tó Ta Òkú Irúgbìn fún Ọmọ Rẹ̀

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Orrin Thacker ni orúkọ rẹ̀. Irúgbìn ló ń tà ní ìpínlẹ̀ Iowa, rélùwéè sì ń gbé ọjà rẹ̀ dé ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Àwòrán àlùbọ́sà pupa fòò máa ń wà lára àpò ìwé tó ń di irúgbìn sí, orúkọ rẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ló ń jókòó. Agbéraga paraku ni.

Bí ewé bá ti ń wọ́, tí òtútù ń bọ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á dá èyí tí kò tà padà fún un. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í sì í pẹ́ kú. Ó yẹ kó dáná sun ún. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó ní kí wọ́n dà á sínú àpò tuntun, kí wọ́n kọ ọdún tuntun sí i!

Enos Pruitt, àgbàlagbà onígbàgbọ́ tó ń jọ irúgbìn fún un, kò lè pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá, òkú lẹ ń tà yìí o. Kí lẹni tó gbìn ín máa jẹ?"

Thacker bú sẹ́rìn-ín. "Àbí o ti di pásítọ̀ ni, Enos? A ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpò pé a ò ṣèlérí pé yóò hù. Máa jọ tìẹ, jàre."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àpò ò lè gbà yín lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹ ronú pìwà dà."

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, Adah. Ó fẹ́ Nels, àgbẹ̀ alálùbọ́sà kan láti Sweden, bàbá rẹ̀ sì kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ni bàbá ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí Adah rí orúkọ bàbá rẹ̀ lára àpò irúgbìn ní ṣọ́ọ̀bù abúlé wọn, ó sunkún, ó sì rà á.

Lọ́dọ̀ wọn, kò sí àgbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ di ọgọ́rùn-ún irúgbìn sínú aṣọ tútù, kó wo iye tó máa hù. Lọ́dún yẹn, Adah kọ̀ jálẹ̀.

"Irúgbìn bàbá mi ni. Ṣé bàbá mi ni n ó máa dán wò?"

Àwọn aládùúgbò gbà á gbọ́, àwọn náà rà á.

Ilẹ̀ kò mú nǹkan kan jáde. Nels lọ ń wa èédú abẹ́ ilẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè jẹun. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ihò èédú wó lù ú.

Thacker wọ rélùwéè lọ síbi ìsìnkú. Ó fẹ́ dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ sún sẹ́yìn. Aṣọ tútù kan ló tú sórí tábìlì.

"Ọgọ́rùn-ún ni mo kà sínú ẹ̀, nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ ka èyí tó hù, Bàbá."

Mẹ́rin péré ni.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ ló máa rà á."

"Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni ńkọ́? Ṣé ìyẹn dáa?"

Thacker padà sílé, ọ̀dọ̀ Enos ló gbà lọ tààrà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Enos, mo ti pààyàn. Ṣé Jésù lè gba irú mi?"

"Torí irú yín ló ṣe kú, ọ̀gá."

Ó sunkún bí ọmọdé, ó sì gba Olúwa. Lọ́jọ́ náà ló dáná sun gbogbo irúgbìn àtijọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde, ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà níbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Adah léraléra. Gbogbo rẹ̀ ló ń padà wá láìtú.

Ọ̀rẹ́ mi, Kristi dárí jì í lọ́jọ́ tó bẹ̀ ẹ́. Ì bá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí Enos kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìdáríjì kan náà ni ì bá rí gbà, Nels ì bá sì wà láàyè. Ìwọ ńkọ́? Ta ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń pa lọ́wọ́ báyìí, níbi tí ojú rẹ kò tó? Má sọ pé ó dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, ké pe Jésù. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè ṣílẹ̀kùn fún ọ.