Oògùn Tí Wọ́n Fi Ọ̀rá Bò

Ìjà ni èmi àti Ọbanijésù fi pàdé. Ó fi èjìká gbá àpò tòmátì mi dànù ní Rye Lane ní London, mo bú u, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Mọ́mì rẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun pọ́ńbélé, kò fẹ́ rí èmi Àsúmáù ọmọ mùsùlùmí sójú. "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn" ni wọ́n máa ń pè mí.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan èbu tó máa ń hù lára búrẹ́dì, wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà. Ọbanijésù kọ̀ ọ́!

Inú bí mi débi pé aṣọ iṣẹ́ ilé ìtajà oògùn wa ní Catford ni mo fi sáré dé wọ́ọ̀dù. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Olólùfẹ́ mi, Mummy ní oògùn tó pa Daddy ní Lagos nìyẹn. Same name. Wọ́n kà á lára bag drip yẹn."

Dókítà ti sọ gẹ̀ẹ́sì ńlá fún wọn fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Mo kọjú sí Mọ́mì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mummy, oògùn kan náà ni, àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀rá tín-ín-tìn-tín bo èyí! Ọ̀rá yẹn ló máa gbé e dé ibi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì wà, kó má baà ba kidney jẹ́ bíi ti Daddy. Ó ṣì lè yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, wọ́n á máa check ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ ti fẹ́ fi ìbẹ̀rù pa á!"

Ẹnu mi ti mú jù, mo mọ̀. Wọn ò bú mi.

"Èmi ni mo sign fún bàbá ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ kẹta, kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ni."

Ìbínú mi ò lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sign fúnra ẹ̀, Mummy. Tó bá yíwọ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Wọ́n mi orí pé àwọn gbà. Ọbanijésù na ọwọ́ gba bíírò. "Tí mo bá yè é, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jọ̀ọ́. Kọ́kọ́ tọ̀ ná."

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti ń fa oògùn náà sí i lára, fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Mo gbé e.

"Ìyàwó wa!" Mọ́mì ló ń pariwo. "Ó ti tọ̀ o! Ìgò kún!"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, mo ń sunkún, mo sì ń bú Ọbanijésù.