Magnẹ́síọ̀mù Ìdí Ọ̀pẹ Kì í Ṣe Ti Inú Ògì

Ta ni kò mọ ògì Agatha ní Elegbeka? Ògì gbígbẹ ni. Ó máa ń lọ sóyà mọ́ ọn, á sì kúnná bí àtíkè. Ọmọ tó bá ń sunkún, tó bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹkún tán.

Lọ́jọ́ kan, Janet tó ń bá a ta ògì náà ní Ọ̀wọ̀ pè é lórí fóònù.

"Ìyá Ignatius, àwọn oníbàárà wa ti ń béèrè ohun tuntun o. Oúnjẹ tí wọ́n fi magnẹ́síọ̀mù sí ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní ó dára fún iṣan àti egungun. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Kí ni mi ò lè ṣe?" ni Agatha dáhùn.

Àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Babátọ́pẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń dá oko ọ̀pẹ, ló ní kó má ṣèyọnu. Ó gbé ààbọ̀ àpò kan wá láti oko. Ohun tó wà nínú rẹ̀ funfun, ó ń dán bí iyọ̀.

"Ìyàwó wa, ohun tí ẹ ń wá rèé. Òun la máa ń dà sídìí ọ̀pẹ tí imọ̀ rẹ̀ bá ń pọ́n. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lára àpò."

Agatha wò ó. Magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́, gàdàgbà. Ó bù ú ní ìkúnwọ́, ó dà á sínú ògì, ó rò ó pọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọgọ́rin ọ̀rá ti wà nílẹ̀, ẹnu gbogbo wọn dí pa.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti tọ́ nǹkan náà wò, ó korò. Ó rántí pé àwọn ọmọ ọwọ́ wà lára àwọn tó ń mu ògì òun. Ló bá gé ibi tí wọ́n kọ̀wé sí lára àpò náà, ó mú un dání lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Janet, ó yà sílé Zulaihat, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ oúnjẹ.

Agatha ṣàlàyé ohun tó ṣe fún un. Zulaihat ka ohun tí wọ́n kọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ti mu nínú ògì yìí?"

"Rárá o. Kí ló dé?"

"Alihamudulilai. Ajílẹ̀ lẹ dà sí i!"

"Ṣebí magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Òun náà ni. Àmọ́ Màmá, ṣé omi kọ́ ló wà nínú gọ́tà? Ṣé ẹ lè bù ú mu? Magnẹ́síọ̀mù tó wà fún oúnjẹ, wọ́n ti yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé ẹ̀rí sì máa ń bá a rìn. Ti oko kò rí bẹ́ẹ̀. Òjé, tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ ò ní ké, ọmọ èèyàn ló máa ké."

"Ìwọ̀n tún wà níbẹ̀," ni Zulaihat fi kún un. "Kódà ti oúnjẹ, tó bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ara rẹ̀ kì í lè tú u dànù. Ó lè pa á lára gan-an. Ẹ kò lè fi ìkúnwọ́ wọ̀n ọ́n."

Nígbà tí Agatha padà délé, ó ní òun máa kó gbogbo rẹ̀ dànù. Babátọ́pẹ́ fò dìde.

"Ọgọ́rin ọ̀rá! Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀, ọkọ mi. Ìyẹn náà ti tó."

Ó gbẹ́ kòtò jíjìn, ó sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń wa yẹ̀pẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n Agatha kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Zulaihat bá a wá magnẹ́síọ̀mù tó wà fún oúnjẹ, lẹ́búlẹ́bú funfun kan, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Agatha fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n, ó pò ó mọ́ ògì, wọ́n sì gbé ọ̀rá mẹ́ta lọ fún àyẹ̀wò.

Kò yege! Ti ọ̀kan pọ̀ jù, ti ọ̀kan kéré jù, magnẹ́síọ̀mù tí wọ́n fi sí i kò tiẹ̀ dé inú ẹ̀kẹta.

"Ojú kan lẹ da gbogbo rẹ̀ sí," ni Zulaihat sọ. "Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ògì ife kan. Ẹ tún fi ife méjì sí i, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba."

Agatha tún un ṣe. Ó tún gbé ọ̀rá mẹ́ta lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ̀n tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rẹ́gí. Ó ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kígbe, ó sì gbá Zulaihat mọ́ra débi pé gèlè rẹ̀ já bọ́.

Ó kọ̀wé sí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá, wọ́n wo ilé ìṣiṣẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nọ́ńbà wọn jáde. Babátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé páálí àkọ́kọ́ lérí lọ sí gáréèjì, tó ń ké lójú ọ̀nà pé, "Ògì ìyàwó wa ti gbàwé ẹ̀rí o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wò ó!" Páálí náà kò lò tó ọjọ́ méjì lọ́wọ́ Janet tó fi tán.

Ẹ̀yin èèyàn wa, magnẹ́síọ̀mù dára lára. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ tútù ní in nínú, ẹ máa jẹ wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún oúnjẹ tí ẹ ń tà, èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ nìkan ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tí onímọ̀ bá sọ. Ẹ má ṣe lo ti oko láé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oúnjẹ aláfikún tàbí oògùn aṣaralóore, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, tó lóyún, tàbí tó ń lo oògùn mìíràn, kó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ara àpò tàn yín jẹ. Ẹ béèrè, nítorí abéèrè kì í ṣìnà.