Òfì Tó Wà Lára Ògiri

Drika, ọmọdébìnrin kan nílẹ̀ òtútù, mú èédú kan nídìí ààrò. Ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri funfun. Lónìí, ó fẹ́ ya òfì Baba.

Ahunṣọ ni Baba. Òfì rẹ̀ tóbi, ó gba ìdajì yàrá. Gbà-ká-kà, gbà-ká-kà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ké láti àárọ̀.

Látìgbà tí Ìyá ti kú, Baba kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Òfì ló ń sọ̀rọ̀. Gbà-ká-kà.

Drika mọ ẹ̀yìn Baba dáadáa. Ó mọ ibi tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, àti òwú búlúù tí Ìyá fi rán an. Ojú Baba ni kì í sábà rí.

Drika ya àpótí ńlá kan. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i.

Sjef, ọmọ ilé kejì, gbé wàrà wá. Ó wo ògiri. "Drika, ṣé ibùsùn màlúù nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí wàrà fi dà sínú bàtà onígi rẹ̀. Ó sì lọ.

Ó wá ku Drika nìkan, àti ẹ̀yìn Baba. Gbà-ká-kà.

Lọ́sàn-án, Baba dìde wá bu ọ̀dùnkún. Ó wo ògiri títí.

"Òfì yìí ò lè hun nǹkan kan," ni Baba wí. "Kí ni ahunṣọ máa fẹsẹ̀ tẹ̀?" Ó padà sídìí iṣẹ́.

Drika rá wọ abẹ́ òfì. Igi gígùn méjì wà nílẹ̀. Baba tẹ ọ̀kan, gìdì, ìdajì òwú gbéra sókè. Ó tẹ èkejì, gìdì, ìdajì yòókù gbéra.

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni. Drika ya ìtẹsẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ kejì, Baba tún wá bu ọ̀dùnkún. Ó tún wo ògiri. "Ó kù," ni ó wí. "Báwo ni òwú ṣe máa kọjá?"

Drika dúró sí ẹ̀gbẹ́ òfì. Fìrì, ọ̀kọ̀ ìhunṣọ kékeré gbé òwú sá lọ. Fìrì, ó sá bọ̀. Àárín òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Drika fi inú búrẹ́dì pa ìlà tó wọ́ rẹ́. Ó jẹ èèpo rẹ̀. Ó tún un yà, ó fi ọ̀kọ̀ àti òwú sí i.

Yìnyín ń bọ́ lóde. Ẹnikẹ́ni ò wá. Gbà-ká-kà.

Lọ́jọ́ kẹta, Baba gbé àwo rẹ̀ dání wá síwájú ògiri. Ó fi ìka tọ òwú láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Èyí máa hun aṣọ," ni ó wí.

Inú Drika dùn. Ṣùgbọ́n Baba ti ń padà lọ. Ló bá dúró.

"Ta ló ń hun ún? Mi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀."

Drika wo ilẹ̀. "Baba, ẹ̀yin náà ni. Mi ò lè yà yín ni. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo máa ń rí."

Baba wo òfì. Ó wo Drika. Ó gbé àga sẹ́bàá iná, ó jókòó, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Yà mí, ọmọ mi."

Òfì dákẹ́. Èédú nìkan ló ń dún. Ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́.

"Baba, ìgbà wo ni irùngbọ̀n yín funfun?"

"Nígbà tí mo kẹ̀yìn sí ọ ni," ni Baba wí.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìyá, bó ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí títí yóò fi tutù jù. Drika rẹ́rìn-ín. Baba náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀dùnkún tutù, wọn ò bìkítà.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀dùnkún bá ti jinná, òfì á dákẹ́. Baba á yí àga rẹ̀ padà.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, gbogbo abúlé ń fi ẹfun kun ilé. Baba kun ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi àwòrán, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ó rọra kùn yí àwòrán náà ká, kò pa á rẹ́.

Drika dàgbà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òróró po ọ̀dà, ó sì di ayàwòrán. Férémù oníwúrà ni wọ́n ń fi sí àwọn àwòrán rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri ni àkọ́kọ́. Ẹfun ni férémù rẹ̀. Baba ló kùn ún.