Ìwé Tí Àrínọlá Fọwọ́ Sí

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ilé ìwé wọlé, yunifọ́ọ̀mù mọ́kànlélógún ló sì ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àrínọlá aránṣọ ní Pápá Àjàó. Láti aago méje àárọ̀ ló ti jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ìyá ọmọ ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ wá lọ́la, yóò ti jáde." Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò lè jáde.

Níta, Mùktárù àti Níyì tún ti bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà ni Mùktárù, ilẹ̀kùn onírin ló ń ṣe. Níyì ní tirẹ̀ jẹ́ rẹwáyà, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì, ó sì ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń ṣe gbólóhùn aáwọ̀. Lọ́jọ́ náà, iná tó ń ta láti ara irin tí Mùktárù ń jó fò wọ inú ọkọ̀ oníbàárà Níyì, ó sì jó ìjókòó rẹ̀.

Àrínọlá gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó rí ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bíi tirẹ̀. Ó rí Níyì tó fa sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú táyà yọ nínú búùtù, tó sì gbé e sókè. Ó rí Mùktárù tó fi ọwọ́ méjèèjì di sípánà náà mú. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. Mùktárù já a gbà, ẹsẹ̀ Níyì yọ̀, ó ṣubú sẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ sì gbá etí gọ́tà.

Nígbà tí àdúgbò fi máa sáré dé, ẹnì kan wà nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnì kejì dúró lé e lórí pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Kí ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa rò?

Wọ́n sáré gbé Níyì lọ sí ọsibítù. Ọlọ́pàá mú Mùktárù. Lọ́sàn-án, sájẹ́ǹtì kan wọ ṣọ́ọ̀bù Àrínọlá.

"Màdáàmù, wọ́n ní iwájú yín níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ bá wa dé àgọ́, ẹ wá ṣe sítéètìmẹ́ǹtì. A ò mú yín o, ohun tí ẹ rí la fẹ́ kọ sílẹ̀."

Ó tẹ̀ lé e. Wákàtí méjì ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fóònù ń dún, ọkàn rẹ̀ ń sáré padà sídìí máṣíìnì. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ìdí rẹ̀ kò balẹ̀ lórí àga.

"Kí lẹ rí?" ni sájẹ́ǹtì bi í.

"Wọ́n ń jà ni, sà. Níyì wá bá ara rẹ̀ nílẹ̀, orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé òun á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ tó bá yá.

"Ta ló mú sípánà dání?"

"Mùktárù ni, ṣùgbọ́n..."

Fóònù dún. Ìyá ọmọ kan ló ń bínú. Nígbà tí Àrínọlá fi máa bẹ̀ ẹ́ tán, sájẹ́ǹtì ti kọ̀wé kún ojú ewé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni. Àrínọlá ka Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò ju orúkọ ọjà àti orúkọ àdúgbò lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi" ti dé ètè rẹ̀. Ó wo aago, ó gbé e mì. Ó fọwọ́ sí i, ó sì sáré jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé Mùktárù dé kóòtù, kóòtù sì ní kí wọ́n lọ fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Àrínọlá gbọ́, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó rán apá òsì mọ́ ọ̀tún, ó tú u, ó tún rán an bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kúkú ti sọ ohun tí òun rí, kóòtù á yanjú ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ayọ̀kànmí, ìyàwó Mùktárù, wọlé. Kò pariwo. Ó yọ ìwé kan jáde láti inú báàgì.

"Àǹtí, lọ́yà wa ló gba ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni. Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí?"

Àrínọlá na ìwé náà sí Ìrètí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ náà kà á tán, ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ rí Mùktárù tó la sípánà mọ́ Níyì lórí, tí Níyì fi ṣubú."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ yín rèé nísàlẹ̀, mà."

Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Àkàngbé. Ọkùnrin náà mi orí.

"Ìyá Ìrètí, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Tí o bá padà lọ, wọ́n á ní o purọ́ fún ọlọ́pàá. Ìwọ ni wọ́n á tì mọ́lé. Àwa la máa wá máa gbé oúnjẹ lọ fún ọ."

"Ṣé kí n wá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jìyà ohun tí kò ṣe?"

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Àrínọlá fi ń lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ tó tún yíjú padà. Ní ọjọ́ kẹfà, ó pe Ayọ̀kànmí, àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ lọ sí Yaba, lọ́dọ̀ Adéfúnmiláyọ̀, lọ́yà tó ń gbèjà Mùktárù.

Ọ̀dọ́bìnrin ni lọ́yà náà. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ti ṣe irú èyí. Sájẹ́ǹtì kọ ohun tó rò pé ẹ ní lọ́kàn, ẹ̀yin náà sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n sì kà á padà fún yín lédè tí ẹ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kí bíírò yín tó kan ìwé."

"Ṣé mo lè gbà á padà?"

"Wọn ò ní ya ti àkọ́kọ́. Ẹ máa ṣe òmíràn kún un ni. Kóòtù á rí méjèèjì, wọ́n á sì bi yín ní ìdí tí wọn ò fi bára mu. Ìyẹn ò ní rọrùn, mi ò ní tàn yín. Lọ́yà Mùktárù ni mí, kò yẹ kí n kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání lọ. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí àdúgbò sọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àdúgbò."

Ó mú Ìrètí dání lọ sí àgọ́. Sájẹ́ǹtì fajú ro, ó ní Àrínọlá ń fi iṣẹ́ òun ṣeré. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó gbé bébà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Àrínọlá pa fóònù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ta. Ìrètí ka ìwé náà fún un ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba gbé ìwé méjèèjì sókè. Ó ní kí ògbufọ̀ bi í: "Ẹ fọwọ́ sí èyí, ẹ fọwọ́ sí ìyẹn. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé ìdílé Mùktárù ló ti wá bá yín?" Ara àdúgbò kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Ojú tì í gidi. Ó dáhùn pé òun ń kánjú lọ́jọ́ náà, òun ò sì kà á.

Níyì yè é, àmọ́ etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, kò sì rántí ohunkóhun nípa ìjà náà. Ìwé dókítà ló gbe Àrínọlá: ó ní ọgbẹ́ ìpàkọ́ Níyì jọ ti ẹni tó ṣubú lu kọnkéré ju ti ẹni tí wọ́n fi irin gbá lọ. Kóòtù dá Mùktárù sílẹ̀. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé. Onílé ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, Mùktárù sì ń bá ẹni ẹlẹ́ni jó irin báyìí.

Ó yà sọ́dọ̀ Àrínọlá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ padà wá sọ òótọ́. Ẹlòmíràn ò ní padà. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí."

Àrínọlá kúnlẹ̀. Mùktárù ní kó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ń kí ara wọn títí dòní, ìkíni náà kàn ò gùn mọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má sá fún ẹ̀rí jíjẹ́. Ẹni tó mọ òótọ́ tó dákẹ́ lè mú kí aláìṣẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkánjú jẹ́ ẹ. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ yín ni lójú òfin, ẹni yòówù kó kọ ọ́. Ẹ kà á. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Ẹni tó bá sì ti ṣàṣìṣe tẹ́lẹ̀, kó yáa padà lọ lónìí, nítorí ẹnì kan wà ní àtìmọ́lé tó ń ka ọjọ́.