Ọ́ìlì Tó Ń Gòkè

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè. Ìtòsí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ló ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bi í. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Bọ́láwùmí lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpáta ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wíwọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láràárọ̀ sú u, ó ra alùpùpù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Challenge. Kò tíì gùn ún pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ́ìlì á ti wà lórí sìmẹ́ǹtì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, á dúdú, á máa dán bí ojú ẹni tó ń woni.

Ó gbé e padà. Wọ́n pààrọ̀ síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì. Ó jò. Ó tún gbé e lọ. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n tún un tò. Ó jò. Wọ́n dá a dúró sọ́dọ̀ wọn, wọ́n tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀. Páálí náà funfun títí. Ọjọ́ tó gbé e délé gan-an, ó jò.

Ọládàpọ̀, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó ń wá wọn níjà. Ó ní bóyá ẹnì kan nílé ló ń da ọ́ìlì síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ́láwùmí wọ eegun. Ó ní òun kì í ṣe òpùrọ́, wọ́n ti fi òun ṣẹlẹ́yà tó, àfi kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Bí ó ti ń jáde, Surajudeen, mẹkáníìkì tó máa ń tú máṣíìnì náà, tẹ̀lé e dé ẹnu géètì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, mo ti wọn ọ́ìlì inú ẹ̀. Ó pé."

"Ó ń jò, o ní ó pé?"

"Bó ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á náà ló wà. Nǹkan tó ń jò yẹn, èmi ò mọ ibi tó ti ń wá."

Bọ́láwùmí yíjú padà. Ó gun máṣíìnì rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n títí ó fi dé Ẹlẹ́yẹlé, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń tutù.

Nígbà tó di Sátidé, òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá ń kán tó, tó, tó. Kò síná. Gbogbo ilé dákẹ́. Bọ́láwùmí jáde láti fi tapólì bo alùpùpù rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀.

Ọ́ìlì ti jò. Ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti fa ìlà, tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú. Ilẹ̀ ilé náà dagẹ̀rẹ̀. Omi òjò ń ṣàn láti ẹ̀yìnkùlé sọ̀kalẹ̀ wá sí géètì. Ọ́ìlì náà ń gòkè. Ó ń la àárín omi kọjá. Kò dàpọ̀ mọ́ ọn. Kò yára. Kò sì dúró.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sá wọlé. Ó pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀lé e.

Ìlà náà yí igun ilé. Ó kọjá lára kànga. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màmá Ayẹni, ìyá àgbà ará Èkìtì, àti Ìrẹ̀mídé ọmọọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Bọ́láwùmí kanlẹ̀kùn.

"Màmá?"

Kò sóhùn.

"Màmá, ṣé ẹ ti sùn ni?"

Òjò nìkan ló ń kán. Ó fi etí lé ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ikọ́, kò gbọ́ ìrìn. Ó wá fi èjìká gbá a, ó tún gbá a, ìkọ́ tí wọ́n fi dè é nínú já.

Ooru rọ́ lù ú lójú. Àdògán èédú ń pọ́n yòò láàárín yàrá. Nítorí òtútù òjò ni wọ́n ṣe dáná náà, wọ́n sì ti pa gbogbo fèrèsé dé. Ìyá àti ọmọ nà gbalaja lórí ẹní, ẹnu wọn yà sílẹ̀.

Ó wọ́ ọmọ jáde. Ó padà wọ́ ìyá àgbà. Ó tẹ́ wọn sínú òjò, ó ń gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń pè wọ́n lórúkọ. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé ohùn rẹ̀ há. Lẹ́yìn náà Ìrẹ̀mídé wúkọ́. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀.

Àwọn ará ilé bá a gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Dókítà ní èéfín èédú ni wọ́n fà sínú, ká ní ó fi díẹ̀ pẹ́ sí i, òkú méjì ni wọn ìbá gbé wá. Nígbà tí Bọ́láwùmí délé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò sí ọ́ìlì kankan nílẹ̀. Ó fọwọ́ pa sìmẹ́ǹtì láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí alùpùpù. Omi lásán.

Nígbà tí ara wọn yá, Màmá Ayẹni wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó mú Bọ́láwùmí lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí níwájú pẹpẹ. Ó ní kó dárúkọ ẹni tó rán an sí wọn, kí òun lè bá a dúpẹ́ pẹ̀lú. Bọ́láwùmí la ẹnu. Omijé ló ń dà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọládàpọ̀ pè é pé alùpùpù tuntun ti dé, kó wá pààrọ̀. Bọ́láwùmí gun èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání fún wọn.

"Ọ̀gá, mi ò pààrọ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a fi yín ṣẹlẹ́yà?"

"Èmi náà ni. Ẹ ṣeun tí ẹ ò rí i ṣe."

Ọládàpọ̀ wo ojú Surajudeen. Surajudeen kò wo ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ó gbẹ táútáú. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà, alùpùpù náà kò jò mọ́. Láràárọ̀, kí Bọ́láwùmí tó tan án, á fọwọ́ lé táńkì rẹ̀, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣeun." Kì í sọ pé, "O ṣeun." Kò mọ ẹni tí òun ń kí. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ẹni náà kì í ṣe ẹgbẹ́ òun.