Ẹ̀rín Màmá Àgbà Tó Wà Nínú Kámẹ́rà

"Kò tíì dá a mọ̀?" Bọ́láwárìn, ọ̀rẹ́kùnrin Qonitah, bèèrè. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Rárá o." Qonitah tún fa wáyà kámẹ́rà yọ, ó tún tì í bọ ojú USB lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ohun kan náà ló hàn: kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀rọ yìí.

Inú kámẹ́rà yẹn nìkan ni ẹ̀rín Màmá Àgbà wà. Láyé wọn ní Mọ́níyà, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò wọn rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà fún Qonitah, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kú.

Bọ̀ọ̀dá Abdulrauf, ẹ̀gbọ́n Qonitah tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà l'Ágbowó, ti kìlọ̀ kí wọ́n tó lọ sí Èkó. "Ètò tuntun tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí ti yí gbogbo ọ̀nà tó ń gbà bá ohun tó bá wà lójú USB sọ̀rọ̀ padà. Diráfà tó ń ṣe ògbufọ̀ fún kámẹ́rà wa, ti àtijọ́ nìkan ló gbọ́. Má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun títí màá fi mú diráfà tuntun dé."

Àmọ́ Bọ́láwárìn ra sídì ètò tuntun náà ní Dùgbẹ̀. "Arẹwà mi, ṣé ti ayé Nóà lo fẹ́ máa lò títí?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn Qonitah yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ó ní kó fi sí i.

Tẹlifóònù dún.

"Qoni, kámẹ́rà ńkọ́? Ṣé kò sí wàhálà?"

Bọ́láwárìn ń mi orí: má sọ o.

"Kò sí, Bọ̀ọ̀dá."

Bó ṣe gbé e sílẹ̀ ni iná pupa ń ṣẹ́jú lára kámẹ́rà. Bátìrì ń kú lọ.

"Ìyẹn náà lò ń tìtorí ẹ̀ gbọ̀n?" Bọ́láwárìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bátìrì rédíò yín ńkọ́? Ṣebí ẹ máa ń sá a sóòrùn ni!"

Òótọ́ ni. Màmá Àgbà náà máa ń ṣe é. Qonitah yọ bátìrì, ó tò wọ́n sórí páànù níta. Ó ṣe é bíi pé ẹnì kan mí sí i lọ́rùn. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dá bátìrì padà sínú kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá dé, wọ́n fi diráfà tuntun sí i. Kọ̀ǹpútà dún pín-ín: ó ti dá kámẹ́rà mọ̀! Qonitah fò sókè. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tó hàn: kò sí àwòrán kankan.

"Ta ló yọ bátìrì?" Ohùn Bọ̀ọ̀dá rọlẹ̀. "Bátìrì ló ń gbé àwòrán ró nínú irú eléyìí; bí wọ́n bá ti yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń pa rẹ́. Bó o bá ti sọ òótọ́ fún mi lórí fóònù ni, ǹ bá ní kó o má fọwọ́ kàn án. Àwòrán náà ì bá dúró dè mí."

Bọ́láwárìn kò yọjú lọ́jọ́ náà, kò yọjú mọ́ rárá. Ìyá Qonitah ló wọlé, ó nawọ́. "Gbé e wá kí n rí ìyá mi."

Qonitah kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò bú u. Ó kàn jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó ṣófo.

Títí dòní, bí kọ̀ǹpútà kan bá dún pín-ín níbikíbi, Qonitah a wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àìgbọràn ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá Àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n diráfà tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀ lọ́nà. Irọ́ ló pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.