Adákẹ́ Kejì

Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi í sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan sì ni. Mi ò mutí, oorun ò kùn mí, ibà ò sì mú mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé látìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Òun ló sọ mí ní Adákẹ́, torí pé bí àlejò bá ti wọlé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń wá mi. Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù, Adákẹ́ náà ni mo sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbà, tí wọ́n á sì kọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa to àwọn aláìsàn sórí ìlà nílé ìwòsàn, kó sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Mo mọ̀ ọ́n kọ. Láísẹ́ǹsì, àṣẹ láti lo áàpù, ni kò jẹ́.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni láísẹ́ǹsì áàpù tí mo fi ń kọ ọ́ gbà láyè. Bí ọwọ́ mi bá ti ń yá báyìí, ojú kọ̀ǹpútà á funfun. Ọ̀rọ̀ á yọ: *Ẹ̀rọ mìíràn ń lo láísẹ́ǹsì yìí. Orúkọ ẹ̀rọ náà: Adákẹ́.* Gbogbo ohun tí mi ò tíì fi pamọ́ á sì pòórá.

Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ áàpù náà kúrò pátápátá, mo tún un fi sórí ẹ̀rọ. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn á tún dé. Mo tún yọ ọ́, mo tún un fi sí i. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo gbá tábìlì lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

"Kí ni tábìlì ṣe fún ọ?" ẹ̀gbọ́n mi ké láti pálọ̀.

"Àǹtí, ó ní ẹlòmíì ń lo láísẹ́ǹsì mi."

"Ta ni? Ìwọ tó ò lè yá èèyàn ní bírò?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ilé pa lọ́lọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

Bọ́tìnnì K lára kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́. Kò ní gbà àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dún kẹ́-kẹ́, bí èékánná lára dígí. Ohun tí mo gbọ́ lára ògiri nìyẹn. Kẹ́-kẹ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Kò sí yàrá lẹ́yìn ògiri yẹn. Afẹ́fẹ́ lásán ni.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú sí i. Ó ń wà á kíkankíkan. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ó máa ń ni mí lára láti pe ẹni tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo pe àwọn tó ni áàpù náà.

"Ẹ̀rọ méjì ni mò ń rí níbí, sà," obìnrin tó gbé fóònù wí. "Adákẹ́ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ọ̀kan kúrò."

"Èwo?"

"Èyí tó dé kẹ́yìn."

"Ó dá yín lójú? Bí mo bá ti yọ ọ́, mi ò lè dá a padà o."

"Ó dá mi lójú, mà."

Ojú kọ̀ǹpútà mi funfun. *A ti yọ ẹ̀rọ yìí kúrò.*

Gbogbo ìgbà tí mo yọ áàpù náà tí mo tún un fi sí i, ẹni tuntun ni wọ́n ń kà mí sí. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Mo pè wọ́n padà, mo pè wọ́n títí. Kò sẹ́ni tó gbé e. Lára ògiri, kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́, ọwọ́ ń yá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n fún mi láyè sí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín bó ṣe rí mi.

"Ọ̀gá kékeré! Ibo lo gbà jáde? Mi ò kúrò níbí o."

"Mi ò tíì wọlé, sà."

"Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo gba ojú dígí ẹnu ọ̀nà wo inú ilé. Ẹnì kan kẹ̀yìn sí mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Àǹtí rán fún mi ló wọ̀, èyí tó fi òwú pupa rán etí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí òwú funfun tán. Mo wo etí ọwọ́ tèmi. Òwú pupa wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n fún un. Síbẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ pè é. Ẹnu mi là. Orúkọ wo ni mo fẹ́ pè?

Mo délé, mo ròyìn fún Àǹtí. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní kí n lọ fọwọ́, oúnjẹ ti jinná.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń rán ṣẹ́ẹ̀tì fún mi, méjì ló ń gé. Á fún mi ní ọ̀kan, á sì fi èkejì kọ́ sára ògiri tó ń dún yẹn. Bó bá fi máa di àárọ̀, ìṣó nìkan ni mò ń bá níbẹ̀.